Ọjà Ìbọn àti Súfèé Bàbá Mi

Bùkọ́lá tún bi mí léèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí ni mo ṣì ń wá lọ sí ọjà ìbọn. Ó ń din ẹyin lọ́wọ́, kò tilẹ̀ wo ojú mi.

"Ìwọ ọmọ Ọ̀wọ̀ yìí, o ò ra ìbọn, o ò ta ìbọn. Bí àwọn ọmọ àdúgbò bá yin báńgà lásán, abẹ́ tábìlì lo máa ń sá wọ̀. Kí lo ń wá níbẹ̀ gan-an?"

Kì í ṣe òun nìkan ló ń béèrè. Àwọn tó ń ná ọjà náà fúnra wọn ń bi ara wọn. Wọ́n ní tẹ́lẹ̀, gbọ̀ngàn náà máa ń kún dé ẹnu ọ̀nà. Ní báyìí, tábìlì ti dín kù, àwọn tó ń ta ẹran gbígbẹ, ọṣẹ àti fìlà ti pọ̀ ju àwọn tó ń ta ìbọn lọ, ohun tí ènìyàn bá sì fẹ́, ó lè wá a lórí fóònù rẹ̀ láì kúrò nílé. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé ibẹ̀ ni mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá àgbàlagbà kan: "Ṣé ó ṣì yẹ kéèyàn máa wá síbí?"

N kò lè bá ẹlòmíràn dáhùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi níbẹ̀ ni mo lè sọ, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bàbá mi nílé nítorí rẹ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́ dáadáa, torí kò tíì sí ẹni tí mo sọ gbogbo rẹ̀ fún tán. Ẹ̀rù sì ń bà mí pé bí n kò bá tètè sọ ọ́, èmi fúnra mi á bẹ̀rẹ̀ sí í yí i padà nínú ọkàn mi títí tí n kò fi ní jẹ̀bi ohunkóhun mọ́.

Tíṣà ni bàbá mi. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀, ó sì máa ń ka Bíbélì fún ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa. Ṣùgbọ́n ọdẹ ni, ọmọ ọdẹ sì ni. Upenmen ni abúlé bàbá rẹ̀, ibẹ̀ ni oko wa wà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó rò pé òun á kàn máa lọ síbẹ̀ lọ wo kòkó òun ni, kí òun sì máa pa ọ̀yà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà yẹn ni àwọn ajínigbé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú igbó wa.

Láti ìgbà náà, obìnrin kan kì í dá lọ sóko mọ́ ní Upenmen. Wọ́n á kó ara wọn jọ láàárọ̀, ọdẹ mẹ́rin á tẹ̀ lé wọn. Ọdẹ kọ̀ọ̀kan á jókòó sí igun oko kan, igun mẹ́rin, títí wọ́n á fi wa ẹ̀gẹ́ wọn tán tàbí tí wọ́n á fi já kòkó tán. Bàbá mi ni ẹnì kẹrin. Kò sí ẹnì karùn-ún. Àwọn tó yẹ kó jẹ́ ẹnì karùn-ún àti ẹnì kẹfà ti lọ sí Àkúrẹ́, wọ́n ti lọ sí Èkó, tàbí kí wọ́n ti lọ jìnnà bíi tèmi.

Igbó kì í jẹ́ kí àwọn mẹ́rin yìí rí ara wọn, wọn kò sì gbọ́dọ̀ pariwo. Súfèé ni wọ́n fi ń mọ ara wọn. Súfèé gígùn kan ń béèrè pé, "Ta ni yẹn?" Ẹni tó bá gbọ́ ọ á dáhùn pẹ̀lú kúkúrú kan: "Èmi ni, má yìnbọn." Kúkúrú méjì ń sọ pé, "Wá bá mi." Bí ewé bá ń mì níwájú rẹ, tí o súfèé gígùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí ẹnikẹ́ni kò dá ọ lóhùn, ohun tó wà lẹ́yìn ewé yẹn kì í ṣe ènìyàn rẹ.

Bàbá mi kọ́ mi ní súfèé yìí nígbà tí mo wà ní kékeré. Ìyá ìyá mi ní Iyere kò fẹ́ ẹ rárá. Ó máa ń gbá mi lẹ́nu pé ọmọbìnrin tó ń súfèé ń pe ejò wọlé. Ṣùgbọ́n bí bàbá mi bá ti oko dé, tí àpò rẹ̀ wúwo, láti orí títì ló ti máa súfèé kúkúrú méjì, màá sì sáré jáde láì wọ bàtà. N kò rò pé ohun kan wà láyé mi tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Pé ẹnì kan jìnnà sí mi, ó fẹ́ kí n wá, mo sì lè lọ.

Mo wá sí Amẹ́ríkà láti ka ìwé sí i. Ìlú kékeré ni, inú pápá àgbàdo tó tẹ́jú bíi tábìlì. Ohun àkọ́kọ́ tó dẹ́rù bà mí kì í ṣe òtútù, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni. Ènìyàn lè rìn láti ilé mi dé ibùdókọ̀ kí ẹnikẹ́ni má kí i. Ní Ọ̀wọ̀, bí mo bá fẹ́ lọ ra búrẹ́dì, èèyàn bíi mẹ́fà ni màá kí, ẹnì kan nínú wọn á sì bi mí pé kí ló dé tí mo rù. Mo máa ń bínú sí wọn nígbà náà. Mo rò pé wọ́n ń yọjú sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn wọ́n. N kò mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń bá mi ṣe ni pé wọ́n ń jẹ́ kí n mọ̀ pé mo wà.

Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ mi, mo rí iṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Bùkọ́lá, ọmọ Ìbàdàn ni, àwa méjèèjì sì ń gbé ilé kan náà báyìí. Mò ń wẹ̀ fún àwọn bàbá tí wọ́n bí ọmọ mẹ́ta, mẹ́rin, tí àwọn ọmọ náà ń gbé nítòsí, tí wọn kì í sì í yọjú àfi ní Kérésìmesì. Lákọ̀ọ́kọ́, mo máa ń dá wọn lẹ́jọ́ nínú ọkàn mi. Ọjọ́ kan ni mò ń fọ ẹ̀yìn bàbá kan, tó wá wọ̀ mí lọ́kàn pé n kò fọ ẹ̀yìn bàbá mi rí, àti pé ọmọ bàbá yìí tilẹ̀ wá ní Kérésìmesì tó kọjá. Mo lọ sí yàrá tí a ń kó aṣọ ìnura sí, mo jókòó sórí agbọ̀n.

N kò lè lọ sílé. Ìwé ìgbélùú mi wà ní ọ́fíìsì ìjọba wọn, wọ́n ní kí n máa retí rẹ̀, bí mo bá sì jáde kúrò ní ilẹ̀ wọn kó tó dé, kò sí pé mò ń padà wọlé mọ́. Mo sọ èyí kí ẹ má baà máa bi mí bí ẹ ṣe ń kà á lọ pé kí ló dé tí n kò kàn wọ ọkọ̀ òfurufú.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ sí ọjà ìbọn, pátákó ni mo rí lẹ́bàá títì: Sátidé àti Sọ́ńdè, ọmọdé wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ ọmọdé yẹn ló mú mi dúró. Nílé wa, ara ògiri ni ìbọn bàbá mi máa ń wà, ọmọdé kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kàn án, bàbá mi kì í sì í jẹun nínú yàrá tó bá wà. Níbí, ìyá àgbà kan ń ta kéèkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ìbọn, ọmọọmọ rẹ̀ jókòó sílẹ̀, ó ń kun àwòrán. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìdíje màlúù ni gbọ̀ngàn náà, òórùn màlúù ṣì wà nínú rẹ̀. Èmi nìkan ni dúdú níbẹ̀. Mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbogbo ènìyàn bí ẹni tó jẹ gbèsè.

Mo ti fẹ́ jáde kí n tó rí i. Lórí tábìlì kan ní igun, ìbọn gígùn kan wà tí igi rẹ̀ ti dúdú nítorí ọwọ́, irú èyí tí wọ́n ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu. Ṣakabùlà ni, bí wọ́n tilẹ̀ ń pè é ní orúkọ mìíràn. Mo dúró síwájú rẹ̀, omi sì bọ́ lójú mi. Mo gbìyànjú láti dá a dúró, kò gbà.

Bàbá tó ni tábìlì náà wò mí. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó sì ń yí etí ọ̀tún sí ènìyàn bó bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀.

"Ṣé o mọ ohun tí ò ń wò?"

"Ìbọn bàbá mi ni," mo ní.

"Bàbá rẹ ń kó ìbọn àtijọ́ jọ ni?"

"Rárá o. Ó ń fi ṣiṣẹ́ ni."

Ó ní kí n tún un sọ. Nígbà tó gbọ́ ọ tán, ó pe ẹni tó wà ní tábìlì kejì: "Jímù! Wá gbọ́! Èmi ń fi tèmi kọ́ sára ògiri fún ẹwà, bàbá ọmọbìnrin yìí ń gbé tirẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀!" Jímù kò gbà á gbọ́. Mo wá sọ fún wọn bí bàbá mi ṣe ń pa ẹ̀tù mọ́ kúrò lọ́wọ́ ìrì, àti bó ṣe ń fi aṣọ àtijọ́ nu ẹnu ìbọn. Wọ́n fetí sí mi. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yẹn, kò tíì sí ẹni tó fẹ́ mọ ohun kan tí mo mọ̀. Oyè Máásítà mi kò ṣe é. Ṣakabùlà bàbá mi ló ṣe é.

Dẹ́ẹ̀lì ni orúkọ bàbá náà. Ó ní kí n máa pe òun ní Dẹ́ẹ̀lì lásán. N kò lè ṣe é, ẹni tó tó bàbá àgbà mi! Mo ń pè é ní Bàbá Dẹ́ẹ̀lì, mo sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ní àwọn ọmọ òun kì í pe òun rárá, nítorí náà òun gbà á. Láti ọjọ́ náà, bí ọjà bá ti bọ́ sí Sátidé tí n kò lọ síbi iṣẹ́, màá jókòó ti tábìlì rẹ̀. Ohun tó ń tà jù ni ohun tí wọ́n fi ń bo etí. Ìbòtí ni mò ń pè é. Ó ní bátìrì nínú: bí ìbọn bá dún, á dí etí rẹ pa, bó bá sì jẹ́ ohùn kékeré ni, á gbé e ga kí o lè gbọ́ ọ.

Mo máa ń pe ilé láti ibẹ̀, torí pé bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́dọ̀ wa, ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ wọn. Màmá mi ni olófòófó ilé wa. Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láti Iyere dé Okeluse tí kò ní gbọ́.

"Àwọn ọdẹ ń bínú sí bàbá rẹ o," ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan.

"Kí ló ṣe?"

"Wọ́n ní ó ti ń gbéraga. Wọ́n ní láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti dé Amẹ́ríkà, bí wọ́n bá súfèé sí i, kì í dá wọn lóhùn mọ́. Kọ́lá, ọmọ Okeluse tó wà pẹ̀lú wọn, ó ní òun súfèé lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní Tọ́sìdeè, òun ti gbé ìbọn sójú kí òun tó rí fìlà pupa tí o fi ránṣẹ́ sí i. Fìlà rẹ ló gbà á o!"

Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbí: mo rẹ́rìn-ín. Inú mi tilẹ̀ dùn díẹ̀ pé bàbá mi ń fi mí yangàn.

Èmi fúnra mi ti ń súfèé sí i lórí fóònù láti bí oṣù mélòó kan, bí a ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, kò sì ń dáhùn. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mo tún rò, kí Ọlọ́run má bínú, pé mo ti dàgbà kọjá eré yẹn lójú rẹ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan wá síwájú tábìlì Bàbá Dẹ́ẹ̀lì. Ó ní òun kò nílò ìbòtí, pé etí òun gbọ́ràn dáadáa, òun sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí ìyàwó òun ń sọ.

"Ẹyẹ ńkọ́?" Bàbá Dẹ́ẹ̀lì bi í.

"Ẹyẹ wo?"

"Èmi náà ń gbọ́ ohun tí ìyàwó mi ń sọ. Mo kàn rò pé àwọn ẹyẹ ti ṣí kúrò nílùú ni. Odindi ọdún méjì ni mo fi ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé ẹyẹ ti tán. Ohùn tó tín-ín-rín ni ìbọn kọ́kọ́ máa ń jí lọ, ọ̀gbẹ́ni. Ẹyẹ. Aago. Súfèé tí o fi ń pe ajá rẹ."

Mo ń to páálí lọ́wọ́. Páálí bọ́ lọ́wọ́ mi.

Nítorí pé bàbá mi ti sọ fún mi. Ó ti sọ ọ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹta, pẹ̀lú ìbànújẹ́, bí tíṣà tó ń ṣàlàyé bí ayé ṣe ń bàjẹ́: ẹyẹ ti tán ní oko Upenmen, bóyá oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó ló pa wọ́n.

Mo sáré jáde síbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, mo pè é.

"Ìyá mi," ó ní. Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn.

"Bàbá, ẹ gbọ́ o." Mo súfèé gígùn kan.

"Hẹ́lò? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí tún ti dé."

"Mo súfèé ni, Bàbá."

"N kò gbọ́ nǹkan kan. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni."

"Ẹ fún Màmá ní fóònù. Màmá, ṣé ẹyẹ wà lóko?"

"Irú ìbéèrè wo nìyí? Àwọn tó jẹ gbogbo ata mi tán lánàá ńkọ́? Ariwo wọn kò jẹ́ kéèyàn gbọ́ràn! Ìwọ náà ló súfèé nínú fóònù bàbá rẹ lẹ́ẹ̀kan, tí mo gbọ́ ọ láti ibi tí mo jókòó sí? Ó kù díẹ̀ kí o di mí létí!"

Kò sí ohun tó ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Mo ṣàlàyé fún bàbá mi. Mo ṣàlàyé jù, bí mo ṣe máa ń ṣe, mo ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ láti ọ̀nà mẹ́ta, mo sì gbọ́ bó ṣe ń mí sínú fóònù títí mo fi parí.

"Etí tí mo fi ń gbọ́ gbogbo wàásù tí ò ń ṣe yìí," ó ní, "òun lo sọ pé ó di?"

"Bàbá, wọ́n á yìnbọn mọ́ yín. Kọ́lá ti gbé ìbọn sójú."

"Kọ́lá kò ní sùúrù ni."

"Ẹ jókòó sílé fún ìgbà díẹ̀. Mò ń fi nǹkan kan ránṣẹ́ tó máa jẹ́ kí ẹ gbọ́."

"Tí mo bá jókòó sílé, ta ló máa jókòó sí igun kẹrin? Ṣé ìwọ ni?"

Kò pariwo. Ohùn tó fi máa ń béèrè ìdáhùn ìṣirò lọ́wọ́ ọmọ tó mọ̀ pé kò ka ìwé ló fi béèrè rẹ̀.

Mo padà wọlé, mo sọ ọ́ fún Bàbá Dẹ́ẹ̀lì, ó sì yọ ìbòtí tirẹ̀ lórí, ó fún mi. Ó kọ̀ láti gbọ́ ọpẹ́. Ẹ̀gbọ́n màmá Bùkọ́lá ń lọ sí Ìbàdàn, ó gbà láti bá mi mú un dé Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ó tó lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan ni wọ́n ń lọ sóko. Mo máa ń ṣírò rẹ̀ nígbà tí mo bá ń fún àwọn arúgbó mi lóúnjẹ: ẹ̀ẹ̀mejìdínlógún ni bàbá mi máa jókòó sẹ́yìn ewé, tí ẹnì kan á máa bi í pé "Ta ni yẹn?", tí kò sì ní dáhùn. Mo máa ń gbé ṣíbí dúró ní àárín méjì. Ìyá kan fọwọ́ kan ọwọ́ mi lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ọmọ, ta ló kú?"

"Kò tíì sí ẹni tó kú," mo ní.

Kò tíì sí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ara mi ló dẹ́rù bà mí. Ọjọ́ náà gan-an ni mo pe Olúọdẹ, ẹni tó jẹ́ olórí àwọn ọdẹ Upenmen.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí èyí jẹ́, kí ẹ má baà rò pé nǹkan kékeré ni. Ọmọbìnrin kì í bá Olúọdẹ sọ̀rọ̀ ìbọn. Ọmọ kì í sì í gba ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ lọ fi àléébù rẹ̀ han àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo mọ èyí. Mo mọ̀ ọ́n bí fóònù ṣe ń dún.

"Ta nìyẹn?"

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Baba. Èmi ọmọ Tíṣà ni, tó wà ní Amẹ́ríkà."

"Háà! Ọmọ Tíṣà! Ṣé òtútù ò tíì pa yín tán níbẹ̀? Ṣé òyìnbó ti rí ọ fẹ́?"

"Kò tíì rí mi, Baba. Baba, ẹ dákun. Bàbá mi kò gbéraga sí yín."

Mo sọ gbogbo rẹ̀, ẹyẹ, fóònù, fìlà pupa. Mo ń sunkún, n kò sì mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ mi ń yé e. Nígbà tí mo parí, ẹ̀rín ti kúrò lóhùn rẹ̀.

"Ṣé ó mọ̀ pé o pè mí?"

"Kò mọ̀, Baba."

"Ó dáa. O ti ṣe é."

Kò sọ pé mo ṣeun. Mo kíyè sí i.

Màmá mi ló sọ ìyókù fún mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo wọn ti péjọ láti lọ sóko, àwọn obìnrin ti gbé agbọ̀n, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń so okùn bàtà rẹ̀. Olúọdẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó súfèé kúkúrú méjì. Gbogbo orí ló yí padà, ti àwọn obìnrin, ti àwọn ọmọdé. Bàbá mi ń so okùn bàtà rẹ̀ lọ. Olúọdẹ tún súfèé. Bàbá mi so tán, ó gbójú sókè, ó sì rí i pé gbogbo ènìyàn ń wo òun.

Olúọdẹ fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ìbọn ní èjìká bàbá mi. Ó gbé e lọ sílé ara rẹ̀, ó fi kọ́ ògiri. Ọmọ ilé-ìwé bàbá mi tẹ́lẹ̀ wà láàárín àwọn obìnrin yẹn.

"Kọ́lá wá sílé," màmá mi ní. "Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú bàbá rẹ, ó ń sunkún bí ọmọdé, ó ní òun ìbá ti pa Tíṣà. Bàbá rẹ dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ."

"Ṣé mo lè bá a sọ̀rọ̀?"

"Ó ti mọ̀ pé ìwọ ni."

Kò bá mi sọ̀rọ̀. Kò gbé ìpè mi ní ọ̀sẹ̀ yẹn, kò gbé e ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ó padà sí Ọ̀wọ̀, ó sì ń jókòó sí ẹ̀yìnkùlé wa lábẹ́ igi máńgòrò láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀. Ó sọ fún àlùfáà pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn tó máa ka Bíbélì. Ní Upenmen, igun kẹrin ṣófo. Olúọdẹ ní òun kò lè fi ọdẹ mẹ́ta kó àwọn obìnrin wọ igbó. Wọ́n jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kòkó ń dúdú lórí igi.

"Àwọn obìnrin náà ní kí n kí ọ," màmá mi ní. "Wọ́n ní o kú iṣẹ́."

Màmá mi kì í ṣe ẹni búburú. Ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ẹnì kan tó ń ta ike ní Àkúrẹ́ padà wá láti gba igun kẹrin, ọmọ àbúrò Olúọdẹ. Mo gbọ́ pé súfèé rẹ̀ kò tíì dáa. Mò ń gbàdúrà fún un lórúkọ, bí n kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n rí.

Mo kó aṣọ mi sínú àpò lẹ́ẹ̀kan nígbà yẹn. Bùkọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé o fẹ́ lọ lóòótọ́?"

"Mo fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́."

"Bó o bá lọ, o ti lọ nìyẹn. Tó o bá débẹ̀ tí kò dá ọ lóhùn ńkọ́?"

Ó jókòó tì mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ aṣọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ká wọn padà. N kò dá a dúró. Mo kórìíra ara mi pé n kò dá a dúró. Àwọn kan á sọ pé mo gba bàbá mi là. Mo máa ń sọ ọ́ fún ara mi náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo mọ̀, ẹni tó ń ti oko bọ̀ tó ń súfèé láti orí títì, n kò mọ̀ bóyá òun ni mo gbà là.

Ìbòtí dé Ọ̀wọ̀. Màmá mi gbé e sórí tábìlì. Bàbá mi fi ìwé ìròyìn bò ó mọ́lẹ̀. Ó wà lábẹ́ ìwé ìròyìn títí.

Mo ń lọ sí ọjà ìbọn síbẹ̀. Bàbá Dẹ́ẹ̀lì kò bi mí ní ohunkóhun, ó kàn ń fi àga sílẹ̀ dè mí. Ó máa ń béèrè pé, "Ẹyẹ ńkọ́?" Màá mi orí, a ó sì máa to páálí.

Sátidé tó kọjá, ọjà kò yá rárá. Ìyá oníkéèkì kò wá. Jímù ń kó ẹrù rẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ní òun kò mọ̀ bóyá òun ń padà bọ̀. Bàbá Dẹ́ẹ̀lì ní bóyá òun náà á sinmi. Ibẹ̀ la wà tí fóònù mi dún. Nọ́ńbà màmá mi ni.

"Ẹ káàsán, Màmá."

Mo ń gbọ́ afẹ́fẹ́. Mo sì ń gbọ́ ariwo kan, ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀, ó pọ̀ bíi ti ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹyẹ ni, ẹyẹ orí igi máńgòrò wa.

"Wọn kò lọ," bàbá mi ní.

Mo tẹ fóònù mọ́ etí.

"Wọ́n wà níbẹ̀ látìgbà yìí. Èmi ni. Má sọ fún ìyá rẹ pé mo gbé fóònù rẹ̀."

Mo dìde láàárín gbọ̀ngàn náà, láàárín àwọn ìbọn, mo kó ẹnu jọ, mo súfèé. Gígùn kan. Ta ni yẹn? Àwọn ọkùnrin tó kù níbẹ̀ yí orí padà, Jímù gbé páálí dúró lọ́wọ́. Bàbá Dẹ́ẹ̀lì nìkan ni kò yí padà, torí ìbòtí rẹ̀ wà ní Ọ̀wọ̀, lórí bàbá mi.

Mo retí kúkúrú kan. Kúkúrú kan ì bá tó mi títí ayé: èmi ni, má yìnbọn.

Méjì ló súfèé.

Ó sì dúró, ó ń mí, ó ń retí kí n wá bá òun. Mo ti bọ́ bàtà kúrò lẹ́sẹ̀ kí n tó rántí ibi tí mo wà.